Swíìṣì Tí Olè Ò Mọ̀

Olè ti wọ ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó fi jíà sí i, ó sì gbéra. Kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tó sì kú pátápátá. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́: sítátà ń ké, ẹ́ńjìnnì ò gbà. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló kó sí òun lọ́wọ́. Olè wo ló máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láàárín títì kó máa wá àìsàn rẹ̀? Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Swíìṣì kékeré kan ni ọlọ́kọ̀ tẹ̀ kó tó jáde. Ó ti gé iná tó ń lọ sí pọ́ǹpù epo, ìwọ̀nba epo tó kù nínú páìpù ni olè fi wa ọkọ̀. Sẹ́kirẹ́ẹ̀tì swíìṣì ni àwọn awakọ̀ ń pè é, ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pè é ní demobilizer.

Ṣé ọkọ̀ òde òní kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ láti iléeṣẹ́ ni? Ọ̀pọ̀ ní in. Chip wà nínú kọ́kọ́rọ́ wọn, bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò bá sì dá chip yẹn mọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní ṣiṣẹ́. Láti 1998 ni Bìrìtéènì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun, Kánádà ṣe é ní 2007. Amẹ́ríkà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ó sì dun àwọn ènìyàn ibẹ̀. Hyundai àti Kia ta ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ lásán fún wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú Milwaukee ń gbé wọn bí ẹni gbé ohun tirẹ̀. Nígbà tó di 2022, fídíò TikTok ti tan ọ̀nà tí wọ́n fi ń jí wọn káàkiri. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 làwọn iléeṣẹ́ náà kéde àtúnṣe kọ̀ǹpútà fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.3 ọkọ̀. Amẹ́ríkà yìí kan náà ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe sẹ́kirẹ́ẹ̀tì swíìṣì, wáyà tí rẹ́wáyà bá gé ṣe pàtàkì ju ibi tó fi swíìṣì pa mọ́ sí lọ. Ká ní ó gé ti pọ́ǹpù epo, tí ojú ìsopọ̀ sì tú lórí eré ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárín á le, tírélà sì lè wà lẹ́yìn. Wáyà sítátà ló sàn jù. Ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ kò nílò sítátà mọ́, kódà bí swíìṣì bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ á délé. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n lè ti ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ títí tó fi máa ṣiṣẹ́.

Ẹ wo rẹ́wáyà tó mọṣẹ́. Kò ní kó gbogbo iná gba inú swíìṣì tẹ́ẹ́rẹ́, torí ike rẹ̀ á yọ́. Relay ló máa fi sí i, àpótí dúdú kékeré tó ń dún “kẹ́” bí iná bá dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ń gba iná díẹ̀ látọ̀dọ̀ swíìṣì, 30 àti 87 ló ń gbé iná ńlá. Ó fi fíùsì sí i, ó fi òjé jó ojú ìsopọ̀, ó wá fi téèpù dúdú wé e kó lè jọ wáyà iléeṣẹ́. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè ti airbag, kò ní fọwọ́ kàn án rárá.

Ibi tí wọ́n máa fi swíìṣì pa mọ́ sí ńkọ́? Abẹ́ sítíárín ni olè máa kọ́kọ́ wò. Bọ́tìnnì tó ń yọ́ yìnyín lára gíláàsì ẹ̀yìn wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, ta ló sì ń lò ó nílẹ̀ wa? Àwọn kan ti sọ òun gan-an di swíìṣì wọn.

Bí àwọn adigunjalè bá na ìbọn síni, kí ọlọ́kọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wọn. Olè tó ń dá nǹkan rẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe swíìṣì yìí fún.

Ó ti pẹ́ tí títẹ irú swíìṣì yìí ti mọ́ àwọn ọlọ́kadà lára. Bí wọ́n bá fẹ́ yà jẹun ní búkà, ọwọ́ á kọ́kọ́ gba abẹ́ ìjókòó lọ, bí ẹni ń nu eruku, kí wọ́n tó kúrò nídìí ọ̀kadà.