Ohun tí kòrónà gbà lọ́wọ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjà tì, ọkọ̀ dúró, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí dá páropáro. Ilé ìwòsàn kò tì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan dáwọ́ dúró nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí: iṣẹ́ tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn.

Resident là ń pè wọ́n. Wọ́n ti jáde ní yunifásítì, wọ́n ti ṣe houseman, wọ́n ti sin ilẹ̀ baba wọn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, kí wọ́n tó wá sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ láti di ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ó máa ń tó ọdún mẹ́fà, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò ìkẹyìn ni fíríìdọ̀ọ̀mù wọn. Ọmọṣẹ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n: bí o bá gbé aláìsàn dé láàárín òru, àwọn lo máa bá.

Ọwọ́ la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti mọ ẹ̀dọ̀ tó wú. Ọ̀gá á dúró lọ́wọ́ ọ̀tún aláìsàn, á gbé ọwọ́ ọmọṣẹ́ lé ikùn, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, á ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀. Bó ti ń fa èémí sínú, etí ẹ̀dọ̀ á rọra sọ̀kalẹ̀ wá kan ìka. Ìka tó bá ti mọ̀ ọ́n kì í gbàgbé. Ẹni tí wọ́n kàn ròyìn rẹ̀ fún kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kòrónà ló sọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ di ewu. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá, resident, houseman, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jọ ń yí bẹ́ẹ̀dì ká láàárọ̀. Nígbà tí àrùn dé, ẹnì kan ló ń wọlé tọ aláìsàn, tó fi aṣọ bora látorí dé ẹsẹ̀, tí òógùn ń ro, tí ooru ti bo awò ojú rẹ̀. Á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, á jáde kíá. Resident ló sábà ń jẹ́ ẹni yẹn, kò sì sí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa bá a gbé ọwọ́ síbi tó yẹ.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ló jìyà jù. Gbogbo iṣẹ́ abẹ tó bá lè dúró ni wọ́n dá dúró: ìpá tí kò ro ẹni lára, gẹ̀gẹ̀, ìju. Ìdí wà. Ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀dì àti ọ́síjìn kò gbọdọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kòrónà wà lára rẹ̀ láìmọ̀ lè kó ran gbogbo ẹni tó wà ní tíátà. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ń pè ní COVIDSurg ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2020 pé iṣẹ́ abẹ bíi mílíọ̀nù 28 ni wọn yóò fagi lé tàbí sún síwájú kárí ayé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí wàhálà náà bá le jù. Iṣẹ́ abẹ tó lè dúró yìí gan-an sì ni ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ ọwọ́. Ta ló máa gbé abẹ lé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìfun aláìsàn ti bẹ́ lóru? Ìpá la fi ń bẹ̀rẹ̀. Resident sì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo èyí tó wò, èyí tó bá ọ̀gá ṣe àti èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú ìwé kan, torí ìwé yẹn ni yóò mú lọ síbi ìdánwò. Ojú ìwé ọ̀pọ̀ wọn ṣófo.

Ti àwọn tó ń tọ́jú aboyún sàn díẹ̀, torí ọmọ tó fẹ́ wáyé kò mọ kónílé-ó-gbélé.

Mi ò fojú di ẹ̀kọ́ orí Zoom tí wọ́n fi dí àlàfo náà. Ó mú kí ọmọṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìlú òkèèrè, láìsan owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Zoom kò ní ikùn tí a lè fọwọ́ tẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì tún dá kún un. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2020 ni ẹgbẹ́ wọn, NARD, yanṣẹ́ lódì. Lọ́dún 2021, wọ́n tún gbélé fún ọjọ́ 63, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́ lójú mi: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣù ni owó ewu tí ìjọba ń san fún dókítà nígbà náà. Síbẹ̀, ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà ni ọjọ́ tó lọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lásìkò Ebola, ní oṣù kẹjọ 2014, tí ìjọba àpapọ̀ torí ìyanṣẹ́lódì dá gbogbo ètò resident dúró.

Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ń bọ̀, a kò mọ ọjọ́ ni. Kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ya tíátà kan àti wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí fún aláìsàn tí kò ní àrùn náà, kí ẹ̀kọ́ má baà kú. Ìwọ tó ń ka èyí náà, bí o bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ńlá, tí ọ̀gá ti yẹ̀ ọ́ wò tán, tí dókítà ọ̀dọ́ kan sì tọrọ ààyè pé kí òun náà fọwọ́ kan ikùn rẹ, jọ̀ọ́, gbà fún un.