Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé Windows 10 ṣì ni kọ̀ǹpútà ilé yín ń lò?

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ lára kọ̀ǹpútà ilé wa, Windows 10 ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àtúnṣe ààbò tó máa ń gbé jáde fún un déédéé.

Kí ló burú ńbẹ̀? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bí àpẹẹrẹ, ní oṣù Kẹta, 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àlàfo kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri ayé. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n sanwó. Kódà, ó dí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe:

✅ Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Update & Security, kẹ́ ẹ wá tẹ Windows Update. Bí Windows 11 bá lè gorí ẹ̀rọ yín, ẹ gbà á. Bí kò bá lè gorí rẹ̀, tí ẹ sì rí ESU (ètò àfikún àtúnṣe ààbò fún Windows 10) níbẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀.

✅ Ẹ má pa Defender, ohun ìdáàbòbò tó wà nínú Windows. Ọ̀fẹ́ ni. Crack (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń lo sọ́fítíwíà láìsanwó) tó bá ní kí ẹ pa á, olè ló fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún.

✅ Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sórí dráìfù mìíràn, kẹ́ ẹ sì yọ dráìfù náà kúrò lára kọ̀ǹpútà.

✅ Ẹ má lo password kan náà fún email àti Facebook.

✅ Tẹ́ ẹ bá ra tòkunbọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta tiyín, ẹ kọ́kọ́ fi Reset this PC nù ún mọ́.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lápútọ́ọ̀pù.