“BÍ MO BÁ TI BẸ̀RẸ̀ OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU, ṢÉ N KÒ NÍ LÈ FI Í SÍLẸ̀ MỌ́ NI?”

Lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì wa láti ọwọ́ ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ìbàdàn. Ọmọ wọn ló bá wọn kọ ọ́, lórí ewé tí wọ́n fà ya nínú ìwé ìṣirò. Ìyá náà ní àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ìjọ, tiwọn sì jẹ́ 170 lókè, 105 nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ rí dókítà, dókítà sì fún wọn ní oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pariwo lé wọn lórí pé, “Háà! Má dán an wò o! Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn, títí ọjọ́ ikú ni. Ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́.” Ni ìyá bá wé oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n fi í sábẹ́ àpò èlùbọ́, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Wọ́n wá ń bi wá bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún àwọn, nítorí kò sóhun tó ń ṣe àwọn. Orí kò fọ́ wọn, àyà kò já wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń gbé àpò èlùbọ́.

Ọ̀gá mi ka lẹ́tà náà tán, ó tì í síwájú mi, ó ní, “Ìwọ ni kí o dá ìyá yìí lóhùn.” Ó mọ ìdí tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní àbúrò màmá mi kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Àdìrẹ àti àǹkárá ni wọ́n ń tà. Àwọn ni wọ́n sanwó ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi, nítorí náà èmi ni mo ń bá wọn ka gbogbo ohun tó bá ní ìwé kíkà nínú, títí kan páálí oògùn. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọ́n lo oògùn wọn bí dókítà ṣe wí, ẹyọ kan láràárọ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ sí 128 lókè, 80 nísàlẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá wá pè mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó kàwé, ṣé kí n ṣì máa gbé nǹkan yìí mì?”

Èmi náà sì dáhùn bí ọlọ́gbọ́n. Mo ní, “Ẹ̀yin náà, ṣebí ara yín ti yá? Ṣé tí ẹ bá lo oògùn ibà, tí ibà lọ, ẹ tún máa ń lò ó ni?” Wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n fi owó oògùn kún owó ọjà.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ń ká aṣọ fún oníbàárà, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu ti yí sápá kan. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, a kò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ilé la gbé wọn lọ. Àwọn ẹbí ní wọ́n ta wọ́n lọ́fà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ta ọfà: ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tiwọn, tí wọ́n jọ ń jà lórí oníbàárà. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń wá ẹni tí yóò yọ ọfà. Nígbà tí a dé ọsibítù, 220 lókè, 130 nísàlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kà. Ó bi wá pé, “Ìgbà wo ni ìyá yìí ti lo oògùn gbẹ̀yìn?” Èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn.

Màmá elélùbọ́, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n dá yín lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti pé kò sóhun tó ń ṣe yín. Ọkàn wa ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń fún pọ̀ lóòjọ́, kì í sinmi bí a tilẹ̀ ń sùn. Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Nọ́ńbà òkè tí wọ́n ń kà fún yín ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá tú. Bí ó bá wà ní 120 lórí 80 tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí òkè ń jẹ́ 140 sókè tàbí tí ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 90 sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ẹ bi àwọn fọkanáísà wò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù kì í ké. Ó máa ń dúró déédéé, á le kankan, á dà bíi pé òun ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ tó bá máa bẹ́ ni a ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO kéde pé nínú àgbàlagbà mẹ́ta láyé, ẹyọ kan ní in, àti pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in kò mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń dúró de orí fífọ́ kó tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀, ó lè dúró títí tí iṣan yóò fi bẹ́.

Ẹ má rò pé àìsàn tálákà ni o. Franklin Roosevelt ni ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, dókítà ọkàn wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 186 lórí 108. Kò sí ojúlówó oògùn fún un nígbà náà. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó dín sìgá kù, kó máa sinmi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ó jókòó, wọ́n ń yà á ní àwòrán, ó ní orí ń fọ́ òun gan-an, ló bá dákú. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti di 300 lórí 190. Iṣan inú ọpọlọ ló bẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a. Ẹni ọdún 63 ni. Ẹ wá wò ó: oògùn tí ààrẹ Amẹ́ríkà kò rí nígbà náà ló wà lábẹ́ àpò èlùbọ́ yín yẹn.

Ó wá ku ti pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀. Oògùn ibà ń pa kòkòrò ibà ni. Bí kòkòrò bá ti kú, iṣẹ́ parí. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń di àìsàn náà mú ni. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró lórí òkè, tí kọ̀ńdọ́ fi igi dí táyà rẹ̀. Ṣé kọ̀ńdọ́ lè wá sọ pé, “Látìgbà tí mo ti fi igi yìí sí i, ọkọ̀ kò yí mọ́, ẹ jẹ́ kí n yọ igi”? Ohun tí mo sọ fún Ìyá Aláṣọ gan-an nìyẹn. Nọ́ńbà tó wálẹ̀ fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́, kò fi hàn pé àìsàn ti lọ. Àwọn oògùn kan tilẹ̀ wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí a bá dá wọn dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lóòótọ́, àwọn mìíràn wà tí wọ́n fọn díẹ̀, tí wọ́n jáwọ́ nínú iyọ̀, tí dókítà sì dín oògùn wọn kù. Dókítà ló dín in kù, kì í ṣe ọmọ tó níwèé mẹ́wàá.

Ti kíndìnrín ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń jẹ kíndìnrín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì kú lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ọdún 1972 ló ti kọ odidi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ènìyàn dúdú. Oògùn tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù mìíràn wà, èyí tí wọ́n ń kiri nínú agbọ̀n ní ọjà fún ara ríro. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin alábàárù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Diclofenac, ibuprofen, piroxicam àti irú wọn máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì ń jẹ wọ́n ní alaalẹ́ kó tó sùn, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì da ilẹ̀ sí i.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní pa irọ́. Amlodipine lè mú kókósẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ, aláboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó rárá. Èyí tó ń mú ni tọ̀ kò rọrùn fún ẹni tó jókòó sọ́jà níbi tí ilé ìtọ̀ ti jìnnà. Bí èyí bá ṣe yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó pàrọ̀ rẹ̀ tàbí kó sọ àsìkò mìíràn tí ẹ ó máa lò ó. Ọ̀pọ̀ ló wà. Ẹ má kàn dákẹ́ kí ẹ jù ú nù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Àgbo ńkọ́?” N kò ní bú àgbo. Egbò igi asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ reserpine, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní tòótọ́. Lára irú igi náà tó wà ní Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti yọ ọ́ lọ́dún 1952, àwọn dókítà sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ṣòro ni pé kò sẹ́ni tó lè wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan. Ó lè kéré jù, ó sì lè pọ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ jù, tí ìbànújẹ́ á sì bò ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, kó má baà jẹ́ oògùn méjì ni wọ́n jọ ń fa okùn kan.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olóúnjẹ sọ. WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí ìmutíì kan. Kì í ṣe inú ọbẹ̀ nìkan o. Nǹkan bí ìdajì magí ni iyọ̀. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú pọ̀nmọ́ àti ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Káún tí ẹ fi ń se ẹ̀wà náà ní irú èròjà tó wà nínú iyọ̀. Ìyá mi ní ọbẹ̀ tí kò ní magí mẹ́ta kì í ṣe ọbẹ̀. Mo ti mú wọn dé orí ẹyọ kan, ìjà sì ni títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Irú àti alùbọ́sà àti ata rodo ló ràn mí lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ má sáré láti ìdí ẹrù lọ na ọwọ́. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má jẹ obì ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ọwọ́ wà ní gígùn àyà lórí tábìlì, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Àwọn ìyálọ́jà wa kì í lè dákẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bínú díẹ̀ sí mi.

Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ àti ẹ̀yin onídìrí tí ẹ ń jókòó tàbí dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ máa na ẹsẹ̀, ẹ máa rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó sì ń dunni lẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òróró ra á, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ.

Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá sì yí lójijì, tí ọwọ́ kan kò gbé sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ wo aago, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò orí, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni. Ọjọ́ méjì ni àwa fi wá ẹni tó ta ọfà.

Ìyá Aláṣọ ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì ká aṣọ. Ìyá ìsọ̀ kejì tí a parọ́ mọ́ ni ó ń bá wọn tajà títí di bí mo ṣe ń wí yìí, tó ń mú owó wá fún wọn ní alaalẹ́, a sì ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé yìí, mo lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ Ìyá Aláṣọ. Mo ní, “Ẹ̀yin Mọ́mì, èmi ni mo ní kí ẹ dá oògùn dúró.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé o rò pé mo gbàgbé ni? Kọ ọ́. Kọ ọ́ dáadáa.”

Màmá elélùbọ́, ẹ yọ oògùn yín lábẹ́ àpò. Bí ó bá ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà kó wọ̀n yín, kó kọ òmíràn fún yín. Èmi náà wọn tèmi nígbà tí mo ń kiri ọsibítù nítorí iṣẹ́ yìí: 146 lórí 92, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo padà, ó jẹ́ 136 lórí 86. Ó ní kí n tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri ọ́fíìsì, ọ̀gá mi sì ti ń wọn ọ̀nà tí òun náà yóò fi tẹ̀lé mi lọ.