Odò iná tó ń ṣàn lókè Nàìjíríà: Ohun tí àwọn apẹja Thumba fi ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀ fún

Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti yọ, odò kan a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lókè orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Kì í ṣe odò omi, kò sì sẹ́ni tó lè fojú rí i. Iná mànàmáná ni. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 600 kìlómítà, ó sì ga tó nǹkan bíi 105 kìlómítà sílẹ̀. Bàálù tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí London kì í sábà fò ju kìlómítà 12 lọ.

Oòrùn ló ń dá odò yìí sílẹ̀. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá ti ń lu afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún, a máa sọ ọ́ di ohun tí iná lè gbà kọjá, bí iná ṣe ń gba inú wáyà. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ ló wá ń ṣe bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń ti iná náà lọ. Ọ̀sán gangan ló máa ń le jù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń lágbára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ dà bí irin òòfà ńlá. Ìlà kan yí ayé ká níbi tí agbára òòfà náà ti dùbúlẹ̀ gbalaja láti gúúsù sí àríwá, tí kò tẹ̀ sísàlẹ̀ rárá. Níbẹ̀, iná náà kì í rí ọ̀nà sá lọ sókè. Ṣe ni yóò wọ́ jọ sójú kan, bí odò tí bèbè há mọ́. Ìlà yìí yàtọ̀ sí agbedeméjì ayé tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ní Nàìjíríà, apá àríwá ló gbà kọjá, ìlú Ìlọrin sì wà lábẹ́ odò iná náà.

Orílẹ̀-èdè Peru ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn agbára òòfà ilẹ̀ ní Huancayo, lórí òkè Andes, lọ́dún 1922. Wọ́n rí i pé lọ́sàn-án, ó ń ga níbẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ọdún 1951 ni Sydney Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ odò náà ní equatorial electrojet.

Ṣọ́ọ̀ṣì di ọ́fíìsì

Bàálù kò lè dé ibi tí odò náà wà. Sátẹ́láìtì kò sì lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó má jábọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí Vikram Sarabhai, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè India, fi ń wá ilẹ̀ létí òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Abúlé Thumba, lẹ́bàá Trivandrum ní ìpínlẹ̀ Kerala, ni ọkàn rẹ̀ lọ sí, torí ìtòsí ibẹ̀ gan-an ni ìlà òòfà náà gbà.

Àmọ́ ilẹ̀ náà kò ṣófo. Àwọn apẹja ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sì rọrùn láti sọ fún ènìyàn pé kó kúrò nílé baba rẹ̀.

A.P.J. Abdul Kalam, tó jẹ́ ẹnjiníà ọ̀dọ́ níbẹ̀ nígbà náà, tó sì ṣe ààrẹ India láti 2002 sí 2007, máa ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní Sarabhai tọ bíṣọ́ọ̀bù Peter Bernard Pereira lọ. Bíṣọ́ọ̀bù kò fún un lésì lójú ẹsẹ̀, ó ní kó wá sí ìsìn ọjọ́ Sunday. Níbẹ̀ ló ti bi ìjọ bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ilé Ọlọ́run àti ilé tiwọn fún iṣẹ́ ìmọ̀. Gbogbo ìjọ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe àmín.

Wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn fún wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ di ọ́fíìsì, kẹ̀kẹ́ sì ni wọ́n fi ń ru ẹ̀yà rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963, rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbéra ní Thumba. Láti ibẹ̀ ni India ti ń tẹ̀ síwájú, tó fi gbé ọkọ̀ sọ̀ sórí òṣùpá ní 2023.

Nàìjíríà kò gbẹ́yìn

Nígbà tí àwọn onímọ̀ káríayé para pọ̀ ṣèwádìí ní 1957 sí 1958, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń wọn òòfà ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili, ọmọ Igbo, ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí odò iná yìí ní Ìbàdàn. Òun náà ló ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982. Ní 1997, ó kó ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jọ sínú ìwé ńlá kan.

Ẹni tó bá ní kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó rántí àwọn awọnlẹ̀. Sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mọ ààlà ilẹ̀ báyìí. Agbára tó ń ti odò iná náà ló tún ń ru afẹ́fẹ́ òkè sókè lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá sì wọ̀, ihò a máa là nínú rẹ̀ bí omi tó ń hó. Àmì sátẹ́láìtì tó bá gba ibẹ̀ a máa pẹ́, a sì máa gbọ̀n. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ bí yóò ṣe tún un ṣe, ibi tó tọ́ka sí lè yẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ lè dá sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kan bàálù tó fẹ́ balẹ̀ pẹ̀lú.

Láti mọ bí yóò ṣe ṣàn lọ́la, àfi kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, torí ẹni tó ń gbé létí odò ló mọ ìgbà tó kún. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ sinmi. Ọjọ́ tí kò bá síná, tí kò sì sí owó epo jẹnẹrétọ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Kò sì sí owó tí wọ́n lè fi rà á padà.