Yunus, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe onídùúró fún tálákà

Gbèsè taka 856 ló wà lọ́rùn èèyàn 42 ní abúlé Jobra, ní Bangladesh, lọ́dún 1976. Iye tí wọ́n sábà máa ń pè é lówó Amẹ́ríkà ni bíi dọ́là 27. Muhammad Yunus, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong nítòsí ibẹ̀, ló ní kí wọ́n bá òun ka gbèsè náà. Ìyàn ọdún 1974 ti mú kó máa fura sí ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì.

Obìnrin kan wà ní Jobra tó ń fi oparun ṣe àpótí ìjókòó. Kò ní taka márùn-ún tí yóò fi ra oparun, oníṣòwò kan ló ń yá a. Àdéhùn wọn ni pé oníṣòwò yìí nìkan ni yóò máa ta àpótí fún, ní iye tí onítọ̀hún bá dá lé e. Ìdajì taka ló ń kù sí i lọ́wọ́ lójúmọ́. Ọ̀lẹ kọ́ o! Iṣẹ́ dá a lójú, owó oparun ni kò ní.

Yunus san gbèsè gbogbo wọn lápò ara rẹ̀, ó sì gba Báńkì Janata lọ. Wọ́n ní àwọn kì í yá ẹni tí kò ní ohun ìdógò lówó. Ló bá buwọ́ lùwé pé òun ni onídùúró. Àwọn èèyàn náà san án. Nígbà tó di 1983, ètò náà ti di Báńkì Grameen.

Ní Grameen, ẹni márùn-ún máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń san owó díẹ̀díẹ̀ níṣojú ara wọn. Ìtìjú aládùúgbò ló dípò ìwé ilé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti bá wọn gba ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní gbómúléláńtà rí nílẹ̀ Yorùbá mọ adùn rẹ̀, ó sì mọ ìkorò rẹ̀.

Lọ́dún 2006, Yunus àti báńkì náà jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel. Ṣùgbọ́n ìwádìí mẹ́fà tó jáde lọ́dún 2015, láti Íńdíà dé Mòrókò, fi hàn pé irú ẹ̀yáwó yìí ń ran òwò àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ kì í sábà yọ ìdílé nínú ìṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó mọṣẹ́, tó ní oníbàárà, tí owó nìkan kù fún, ni irú owó yìí bá mu. Bí owó ilé ìwòsàn bá gbé e mì, gbèsè lásán ló kù.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan rí èrè ńlá nínú irú ẹ̀yáwó yìí. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, àwọn èèyàn ń yá tibí san tọ̀hún títí ìjọba fi dá sí i lọ́dún 2010. Yunus fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fi ìṣẹ́ tálákà dolówó. Síbẹ̀, Sheikh Hasina, olórí ìjọba Bangladesh nígbà náà, ní Yunus gan-an ló ń mu ẹ̀jẹ̀ tálákà. Lọ́dún 2011 ni wọ́n yọ ọ́ nípò ní Grameen, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá 60. Nígbà tí Hasina sá kúrò nílùú ní oṣù Kẹjọ 2024, Yunus, ẹni ọdún 84, ni wọ́n pè wá ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ.