Iṣan Tí A Yọ Lórúnkún: Èwo Ni Ó Ń Hù Padà?

Ọ̀rọ̀ kan náà, ‘iṣan’, ni a sábà ń lò fún okùn tí ó so ẹran ara mọ́ eegun àti èyí tí ó so eegun mọ́ eegun. Ìtọ́jú orúnkún fi ewu àdàpọ̀ yìí hàn.

Bí okùn àárín orúnkún, tí ó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, bá já, kì í sábà so padà fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ lè gé ìdá kan nínú mẹ́ta, ní àárín iṣan iwájú orúnkún, tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 10, láti fi rọ́pò rẹ̀. Àlàfo tí ó kù a máa dí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dí i jọ àpá ju ojúlówó iṣan lọ. Ó sì lè yọ iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn itan. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, òmíràn a hù láti ìdí ẹran itan wá sí ìsàlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára láti ká orúnkún dáadáa lè dín kù.

Olùtumọ̀ tí ó bá pe gbogbo wọn ní ‘iṣan’ yóò mú kí òǹkàwé rò pé èyí tí ó já ni ó hù padà. Nítorí náà, ó yẹ kí ‘iṣan’ jẹ́ ti ẹran àti eegun, kí ‘ìdè eegun’ sì jẹ́ ti eegun méjì.