Live! (àwo-orin Fẹlá)

Live! jẹ́ àwo-orin tí Fẹlá Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Africa '70, gbé jáde ní ọdún 1971 pẹ̀lú Ginger Baker, gbajúmọ̀ onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin mẹ́rin ni ó wà nínú àwo náà. Wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀ níwájú àwọn olùgbọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ EMI tí ó wà ní òpópónà Abbey Road ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, àwo-orin ojú agbo ni a kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú sítúdíò ni wọ́n ti ṣe é. Àwo náà ṣe pàtàkì nítorí pé ó fi bí orin Afrobeat ṣe ń rí lójú agbo ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn, nígbà tí olórin, onílù àti olùgbọ́ bá pàdé ní ibì kan náà.

Ìpìlẹ̀

A bí Fẹlá ní ìlú Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938. Ní ọdún 1958, ó rin ìrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa orin ní Trinity College of Music. Ibẹ̀ ni ó ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, tí wọ́n ń pa orin háílàìfù àti jáàsì pọ̀. Ní àkókò náà ni òun àti Ginger Baker ti di ojúlùmọ̀ ara wọn. Lẹ́yìn tí Fẹlá padà sí Nàìjíríà, Tony Ọládípọ̀ Allen, onílù tí a bí ní Èkó, darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1964.

Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ìlú Los Angeles, Fẹlá pàdé Sandra Smith, ẹni tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, tí ó là á lọ́yẹ̀ nípa ìjàkadì àwọn ènìyàn dúdú fún ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí Fẹlá padà sí Èkó ní ọdún 1970, orin rẹ̀ ti yí padà. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Nigeria '70, lẹ́yìn èyí ni ó sọ ọ́ di Africa '70. Wọ́n ń ṣeré ní ilé ìgbafẹ́ Afro-Spot ní Yábàá. Ransome-Kuti ni Fẹlá ṣì ń jẹ́ nígbà tí àwo náà jáde. Ẹ̀yìn náà ni ó gba orúkọ Aníkúlápó.

Ginger Baker ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cream, tí ó wà láti ọdún 1966 sí 1968. Ìfẹ́ tí ó ní sí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà ni ó mú un wá sí Nàìjíríà. Ó tilẹ̀ wa ọkọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, wọ́n sì ṣe fíìmù nípa ìrìn-àjò náà.

Ìgbàsílẹ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a máa ń gbà gba orin sílẹ̀. Nínú sítúdíò, àwọn olórin lè tún orin kan ṣe títí yóò fi dára, wọ́n sì lè gba ohùn àti ohun-èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀. Lójú agbo, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò gbà: bí onílù bá sáré jù, bí olùgbọ́ bá pariwo, gbogbo rẹ̀ yóò wọ inú àwo.

Nínú Live!, wọ́n pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Wọ́n pe àwọn ènìyàn wọ inú sítúdíò, ẹgbẹ́ náà sì ṣeré fún wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ohùn tí ó mọ́ kedere gbà, láìpàdánù ìdáhùn àwọn olùgbọ́. Èyí wúlò púpọ̀ fún irú orin tí Fẹlá ń kọ, nítorí pé orin alálé àti elégbè ni. Bí Fẹlá bá lé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbè é. Bí agbo bá sì ti gbóná, àwọn olùgbọ́ náà yóò di elégbè.

Ọ̀rọ̀ gígùn orin tún wà níbẹ̀. Àwọn orin tí rédíò máa ń lò ní àkókò náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Orin kọ̀ọ̀kan nínú àwo yìí ju ìṣẹ́jú méje lọ, mẹ́ta nínú wọn sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gìtá, àkúbà àti ìlù ni yóò kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwọn fèrè yóò tẹ̀lé e. Fẹlá yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nígbà tí ara ti yá gágá.

Àwọn orin

- "Let's Start": orin ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Òun ni ó kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
- "Black Man's Cry": Fẹlá fi orin yìí gbé àwọ̀ dúdú lárugẹ, ó sì pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àwọ̀ dúdú kò lẹ́wà níjà. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní Amẹ́ríkà hàn gbangba nínú rẹ̀.
- "Ye Ye De Smell": àkọlé rẹ̀ jẹ́ èdè Pijin, "yẹ̀yẹ́" inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Nínú orin yìí ni a ti gbọ́ ìlù Ginger Baker dáadáa.
- "Egbe Mi O": èyí ni "Ẹ gbé mi o". Orin yìí sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ijó ti gbé lọ tí kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Àwọn olùgbọ́ bá Fẹlá gbe orin náà. Ẹgbẹ́ náà tún gba orin yìí kan náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwo Fela's London Scene, láìsí olùgbọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra yóò mọ ohun tí agbo ń fi kún orin.

Àwọn olórin

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé Fẹlá fúnra rẹ̀ ni ó fọn fèrè sasofóònù inú àwo yìí. Igo Chico ni ó fọn ọ́n. Dùùrù ni Fẹlá tẹ̀, òun náà sì ni ó lé orin. Lẹ́yìn tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1973 ni Fẹlá tó kọ́ fèrè náà. Túndé Williams ni ó fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Lékan Anímáṣahun fọn sasofóònù olóhùn ìsàlẹ̀. Òun ni ó wá di aṣáájú àwọn olórin Egypt 80, ẹgbẹ́ tí Fẹlá dá sílẹ̀ lẹ́yìn Africa '70.

Tony Allen ni onílù ẹgbẹ́ náà. Òun ni ó la ọ̀nà ìlù Afrobeat, níbi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́. Baker máa ń fi agbára lù. Allen a máa fi sùúrù lù. Àwo yìí gbà wọ́n láàyè láti pàdé láìjẹ́ pé ìkan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ìpàtàkì

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, Fẹlá di ẹni tí kì í kọ orin mọ́ lójú agbo bí ó bá ti gbé e jáde nínú àwo. Ẹni tí ó bá wá sí ilé eré rẹ̀ kí ó lè gbọ́ orin tí ó ti rà, orin tuntun ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí èyí, ìgbàsílẹ̀ ojú agbo bíi Live! jẹ́ ẹ̀rí tí kò wọ́pọ̀ nípa bí àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí níwájú àwọn ènìyàn.

Ohun mìíràn tún mú kí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ níye lórí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun kọlu Kalakuta, ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì dáná sun ún. Lára ohun tí ó ṣòfò ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù ìgbésí ayé rẹ̀, The Black President. Ohun tí a kò bá tẹ̀ sínú àwo, tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, iná kan ṣoṣo lè gbé e lọ.

Àtúntẹ̀

Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ sórí CD, wọ́n fi ìlù àjọlù Ginger Baker àti Tony Allen kún un. Ìgbàsílẹ̀ yìí wáyé ní àjọ̀dún orin jáàsì ìlú Berlin ní ọdún 1978, ó sì gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni Allen fi ẹgbẹ́ Fẹlá sílẹ̀. Fẹlá kú ní ọdún 1997, Baker kú ní ọdún 2019, Allen sì kú ní ọdún 2020.